Ẹ̀rọ CD mi ń fo lójú orin: kí n ra tuntun ni, àbí DAC nìkan ló kù?

Agbọ́rinLóru:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé orin. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kà nípa rẹ̀ títí orí mi fi kún, bí mo ṣe ń kà á sí i ni ojú mi ń ṣókùnkùn sí i.

Ẹ̀rọ CD tí mo ń lò ti pé ọdún 16 lọ́wọ́ mi. Mo so ó mọ́ amplifier kan tó ń gbé wátì 50 jáde, àti sípíkà kékeré méjì tí mo gbé ka orí ìdúró onírin. CD tí mo ní lé ní 300. Mo lè gbọ́ orin lórí fóònù bí gbogbo èèyàn, àmọ́ ìka mi kì í jókòó: kí orin tó débi tó dùn, mo ti yí i kúrò. Ṣùgbọ́n tí CD bá ti wọlé, mo jókòó nìyẹn.

Òru ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo ilé á ti sùn. Màá yí ohùn sílẹ̀ dáadáa, màá gbọ́ àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí n tó sùn. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí n kò gbọ́ òpin àwo gígùn kankan. Ẹ̀rọ yìí kì í yọ mí lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 55 sí 60, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "tí-tí-tí" bí akólòlò, á wá fò fẹ̀rẹ̀ sínú orin tó kàn. Tíréè rẹ̀ náà ti ya ọlẹ. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, mò ń gbọ́ mọ́tò tó ń kùn nínú, tíréè ò ní í mira, àfi tí mo bá fi ìka gbá a níwájú.

Mo wá ní, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí n ra èyí tó ju tẹ́lẹ̀ lọ. Marantz CD6007 wà lọ́kàn mi, torí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí kan. Ẹnìkan ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí n ra Cambridge Audio CXC tàbí Audiolab 6000CDT, àwọn tó kàn ń ka àwo, kí n wá wá DAC (ohun tó ń sọ nọ́ńbà tó wà lórí àwo di ohùn) tó dáa sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ àtijọ́ yìí rárá, DAC nìkan ló kù, pé ọjọ́ tí mo bá so ó mọ́ ọn ni màá tó mọ̀ pé n kò tíì gbọ́ orin rí láyé.

Èwo ni kí n ṣe? Ẹ má pọ́n mi lé o, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá Onískrúù:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ méjì lo dì mọ́ra. Ẹ̀rọ tó ń fo, àìsàn ni. Ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ kò tẹ́ni lọ́rùn, ìyẹn ọ̀tọ̀. Mo ka gbogbo ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì, o ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ohùn. Ó ń fo, tíréè ò jáde, ohun tó o sọ nìyẹn. Bàtà ẹni já, a wá ń béèrè irú fìlà tí a máa rà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọ, kó o lè mọ ibi tí wàhálà wà. Àwo àtijọ́ tí a ń fi abẹ́rẹ́ gbọ́, etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ sáàárín. CD kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí etí. Nítorí náà, lára àwo tó gba ìṣẹ́jú 74, ìṣẹ́jú 60 ti sún mọ́ etí dáadáa. Bí lésà ṣe ń jìnnà sí àárín ni ẹ̀rọ ń dín eré àwo kù, láti nǹkan bí ìgbà 500 tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan títí dé bí 200. Lésà fúnra rẹ̀ wà lórí ọ̀pá irin kan tó ń gùn lọ díẹ̀díẹ̀. Gíríìsì ni wọ́n fi pa ọ̀pá yẹn. Lẹ́yìn ọdún 16, gíríìsì náà ti gan bí oje igi. Lésà á débi tó gan, á há, ẹ̀rọ á máa tì í, tó bá wá já gbà lójijì, orin ti fò. Etí yẹn kan náà sì ni àwo tó bá wọ́ díẹ̀ ti máa ń jù sókè sódò jùlọ, ó wá le fún lésà láti tẹ̀ lé e.

Kó o tó náwó, wádìí rẹ̀ báyìí. Kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tó ti fò sílẹ̀, kó o tún àwo kan náà gbé. Tó bá tún fò níbẹ̀ gẹ́lẹ́, àwo ló ní àpá. Tó bá fò níbòmíràn, ẹ̀rọ ni. Tí àwo oníṣẹ́jú 40 bá ń lọ geere, àmọ́ tí gbogbo àwo gígùn ń kólòlò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 55, ọ̀pá irin yẹn ni kó o mú. Tó bá jẹ́ CD-R tó o fi kọ̀ǹpútà kọ nìkan ni kò fẹ́ kà, tó sì ń ka èyí tí wọ́n tẹ̀ nílé iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí agbára lésà ti ń lọ, torí CD-R kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó èyí tí wọ́n tẹ̀. Ìyẹn ló burú.

Ní ti tíréè, rọ́bà tó ń fà á ti fẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òrùka ni. Ẹni tó bá mọwọ́ rẹ̀ kò ní í lo wákàtí kan lórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ ṣí i, yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá. Má tan án sílẹ̀ kó o wá máa fẹjú mọ́ lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ lésà CD kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú, ó sì lè ṣe ojú ní jàǹbá. Òwú tí wọ́n fi ń nu etí, kí ọtí ìnǹkan tí wọ́n ń pè ní isopropyl kàn án díẹ̀, kó o rọra fi pa lẹ́ńsì yí po. Mo ní kó o rọra o. Orí okùn wẹ́wẹ́ ni lẹ́ńsì yẹn dúró lé. Ẹni tó bá fi agbára ìfọ̀kòkò nù ún ti pa á.

Etí_Là:

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Èmi á sọ̀rọ̀ lórí DAC, torí ó ti jẹ mí níyà.

Mo ra ọ̀kan lọ́dún kan, mo sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé wa. "Ẹ gbọ́ bí ìlù yẹn ṣe dá dúró!" Ìyàwó mi ní kí n yíjú sí ògiri, kí òun máa yí i láti ẹ̀rọ CD sí DAC, kí n máa dárúkọ èyí tó ń dún. Mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú mẹ́wàá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó wá bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe pé ọ̀kan kàn pariwo ju èkejì lọ?"

Ó ká mi lẹ́nu. Mo gbé mítà, mo fi wọn ẹnu wáyà sípíkà nígbà tí ohùn ìdánwò 1 kHz kan ń dún. Volt 2 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CD ń gbé jáde, tèmi náà ń gbé e. DAC yẹn ń gbé 2.3 jáde. Ìyàtọ̀ wọn lé díẹ̀ ní decibel 1, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe ròkè tó. Ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀, etí kì í sọ fún ọ pé "èyí ròkè jù". Ohun tí etí máa sọ ni pé "èyí mọ́ jù". Nígbà tí mo yí fólúùmù títí méjèèjì fi dọ́gba lórí mítà, márùn-ún ni mo gbà nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ń da owó sókè náà á gba márùn-ún.

N kò sọ pé gbogbo DAC ló dọ́gba o. Àwọn tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí àwọn ti òní, ìyàtọ̀ wà. Àmọ́ bit 16 àti 44.1 kHz, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ orin di nọ́ńbà, tó wà lórí àwo láti 1982 náà ló ṣì wà lórí rẹ̀ lónìí, iṣẹ́ àtikà á kò sì le fún ẹ̀rọ òde òní. Tó o bá fẹ́ fetí ara rẹ gbọ́, kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ bóyá ihò optical tàbí coaxial, ibi tí nọ́ńbà orin ti ń jáde lọ sí DAC, wà níbẹ̀. Wo ẹ̀yìn amplifier náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní DAC nínú tí oníǹkan ò mọ̀. Kó o sì rántí pé CXC àti 6000CDT kò ní ibi tí wọ́n ti ń gbé ohùn jáde tààrà sí amplifier. Tí DAC kò bá sí níbì kankan, wọ́n á kàn máa yí àwo lásán ni.

Ìyá Díìsì:

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti volt àti rọ́bà tán, kò sẹ́ni tó rántí pé òru lọmọ yìí ń gbọ́ orin, ohùn sílẹ̀. Tó bá di dandan kó o ra òmíràn, ní kí wọ́n fi àwo sí i níwájú rẹ, láìjẹ́ kí orin dún. Fi etí sí àpótí náà. Àwọn kan wà tí o máa gbọ́ àwo tó ń yí nínú wọn, fíí, bí ẹ̀fọn. Lọ́sàn-án kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ. Lóru, láàárín orin kan sí èkejì, òun nìkan lo máa gbọ́. Mo ti gbé irú rẹ̀ wọlé rí, n kò sì lè gbé e padà.

CD6007 tó o dárúkọ ní ihò earphone níwájú, pẹ̀lú fólúùmù tirẹ̀. Fún ìwọ, ìyẹn ju irú chip tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Kí n fi ọ̀kan sí i, torí ó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: nínú àwọn CD ìgbà àkọ́kọ́, àwọn kan wà tí wọ́n gbé ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ sókè lórí wọn, ẹ̀rọ CD ló máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Tó o bá pín ẹ̀rọ sí méjì, DAC mìíràn wà tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Orin á kàn máa gún ọ létí, ìwọ á sì máa bú sípíkà.

Agbọ́rinLóru:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá, Ìyá, ẹ̀gbọ́n Etí_Là. Mo ti dé pẹ̀lú ìròyìn.

Àwo mẹ́ta ni mo fi wádìí. Méjì gígùn fò, kò sì sí èyí tó fò níbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì: 57:12, ó di 58:40, ó tún di 56:03. Ẹ̀kẹta kò ju ìṣẹ́jú 41 lọ, ó lọ tán láìkọsẹ̀. Bí Bàbá ṣe wí gẹ́lẹ́.

Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ìdérí dúdú kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń rí láti ọdún 16, mo rò pé wọ́n kàn fi dí ihò tí wọn ò lò ni. Mo fi èékánná yọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ pupa ń wò mí láti inú rẹ̀. Optical! Ọ̀rẹ́ mi gbé DAC rẹ̀ àti mítà wá. A mú méjèèjì dọ́gba, mo kọjú sí ògiri, ó ń yí i. Mẹ́fà ni mo gbà nínú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi ní etí mi ló rẹ̀. Mo ní kó jókòó síbẹ̀ kí èmi náà máa yí i. Ó gba mẹ́rin. Ó ti gbé DAC rẹ̀ lọ sílé, a kò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

N kò dá a ṣí. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, mo sì dúró tì í. Gíríìsì orí ọ̀pá yẹn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó fi òwú nu ún títí irin fi ń dán, ó fi tuntun tó tín-ín-rín pa á, ó pa lẹ́ńsì ní ìgbà méjì péré. Lóru àná mo gbọ́ àwo oníṣẹ́jú 71 dópin. Orin tó gbẹ̀yìn lórí rẹ̀, mo ti gbàgbé pé ó ní ibi tí olórin ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó parí. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti rí ìyẹn gbọ́ kẹ́yìn.

Nítorí náà, n kò ra nǹkan kan báyìí. Sípíkà ni mo fà kúrò lára ògiri díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ sì dínkù. Bí lésà bá kú lọ́jọ́ kan, CD6007 náà ni màá lọ wò, nítorí ihò earphone tí Ìyá sọ.

Rọ́bà tíréè nìkan ló kù. Oníṣẹ́ náà kò ní ìwọ̀n rẹ̀ nílẹ̀, ó ń bá mi wá a. Títí yóò fi dé, mò ń gbá a.

Bàbá Onískrúù:

Má gbá a mọ́, àbúrò. Má sì ti tíréè òfìfo pa. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń di àwo mú nínú lọ́hùn-ún. Tí àwo bá wà láàárín, kò ní í mú gírígírí tó ìgbà tí kò sí nǹkan níbẹ̀, rọ́bà tó ti fẹ̀ yẹn á ṣì lè já a gbà. Fi àwo kan tó ò fẹ́ràn sílẹ̀ sínú rẹ̀ tó o bá fẹ́ sùn.