Géèmù tó yí padà kó tó jáde: ẹ wá sọ èyí tí ẹ mọ̀

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Géèmù wo lẹ mọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe jáde? Ẹ sọ ohun tó fà á pẹ̀lú. Tèmi ni Halo. Géèmù ogun téèyàn ń wò látòkè, tó ń pàṣẹ fún ọmọ ogun, ni ilé iṣẹ́ Bungie fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Steve Jobs ti Apple fi í han aráyé ní 1999, kámẹ́rà ti wà lẹ́yìn jagunjagun, kọ̀ǹpútà Mac àti Windows ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Microsoft ra Bungie ní 2000. Ìgbà tó máa jáde pẹ̀lú Xbox, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, ní 2001, ojú jagunjagun fúnra ẹ̀ la fi ń wòran.

Ọmọ Alákétu: GTA, ìyẹn Grand Theft Auto.

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa.

Ọmọ Alákétu: Ó dáa. Race'n'Chase lorúkọ ẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ DMA Design ń ṣe é ní Dundee, ní Scotland. Èèyàn lè ṣe ọlọ́pàá, ó sì lè ṣe olè. Ti ọlọ́pàá ò dùn rárá. Kóòdù tó ń darí mọ́tò ọlọ́pàá wá ṣìṣe: dípò kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ, àárín rẹ gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà kọjá, wọ́n sì ń rọ́ lù ọ́ láìdẹwọ́. Ibẹ̀ ló wá dùn jù. Bó ṣe jáde ní 1997 nìyẹn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wá bí gbogbo GTA? Ó ṣòro fún mi láti gbà.

Ọmọ Alákétu: Gary Penn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Mi ò ní kò ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé àṣìṣe ò lè dá nǹkan kan ṣe. Ẹni tó rí i, tí kò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, òun ló ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì ì bá ti tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.

Ará Ìfọ̀nyìn: Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ wo Space Invaders, 1978, Tomohiro Nishikado ló ṣe é fún ilé iṣẹ́ Taito. Àwọn ọ̀tá jẹ́ 55: ìlà 5, ẹni 11 ní ìlà kan. Ẹ̀rọ náà ń gbé àwòrán bí 60 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀tá kan ṣoṣo ló sì ń sún nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tí 55 bá pé, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá kan kí gbogbo wọn tó gbé ẹsẹ̀ kan. Tó bá ku 10, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́fà. Tó bá ku ẹyọ kan, eré burúkú! Agbára ẹ̀rọ ni kò ká a, Nishikado sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀ sórí fóònù lónìí, gbogbo 55 á sún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní yára rárá, àfi kó kọ ọ́ sínú kóòdù fúnra ẹ̀: kó fi 60 pín iye tó kù, ohun tó bá jáde ni ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n máa dúró kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ míì.

Ará Àjàṣẹ́: Áà! Ẹ ṣeun gan-an fún ìṣirò yìí.

Ọmọ Alákétu: Ẹ ò tíì gbọ́ ti GTA San Andreas, 2004. Wọ́n mú eré ìbálòpọ̀ kan kúrò nínú ẹ̀, àmọ́ wọn ò pa á rẹ́, wọ́n kàn tì í pa. Ní 2005 ẹnì kan ṣí i. Bí ESRB, àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún ní Amẹ́ríkà, ṣe sọ géèmù náà di ti àgbàlagbà nìkan nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tí wọn ò pa á rẹ́ pátápátá? Àwọn ọmọ wa ló ń ṣe é!

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ má bínú, ìyá wa. Àwọn fáìlì ń pe ara wọn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan, ibi tó ń pè é á ṣófo, géèmù á kú lójijì níbi tẹ́nikẹ́ni ò fọkàn sí. Tí ọjọ́ ìjáde bá ti sún mọ́lé, wọ́n á yí 1 (ṣíṣí) sí 0 (títì) nínú kóòdù, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn rọ àwọn lọ́rùn. Kò rọ èmi òbí lọ́rùn.

Ará Ìfọ̀nyìn: Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Godot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Ctrl+Shift+F, ẹ wá gbogbo ibi tí kóòdù ti pe nǹkan náà, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Export (ibi tẹ́ ẹ ti ń di géèmù fún ìjáde), apá Resources, ẹ kọ fódà náà síbi àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé. Á wà lọ́dọ̀ yín, kò ní dé ọwọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá fo ti àkọ́kọ́, géèmù á kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọmọ Pobè: Resident Evil 4 ńkọ́? Ẹ̀dà tí Hideki Kamiya kọ́kọ́ darí yàtọ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ di géèmù mìíràn, Devil May Cry, 2001. Èyí tí wọ́n fi hàn níbi ìpàtẹ géèmù E3 ní 2003, wọ́n dà á nù. Ti 2005 ni kámẹ́rà ti wá bọ́ sẹ́yìn èjìká Leon, akọni géèmù náà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Àbí ẹ ò rí i! Àṣìṣe wo ló wà níbẹ̀? Èèyàn ló pinnu ẹ̀.

Ọmọ Alákétu: Ti GTA ṣì dúró o, àbúrò.