Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn kíákíá: ánímè wo ni kí ẹgbẹ́ wa wò lọ́la?

Àdùnní_Peckham: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni wọ́n ní kí n yan ánímè (eré àwòrán Japan) tí ẹgbẹ́ wa yóò wò lọ́la, mo sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan fẹ́ eré tó ń tuni lára, tí àwọn ọmọbìnrin ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń mu tíì. Àwọn yòókù ní àwọn kò ní wá bí kò bá jẹ́ eré tó le, tí ẹ̀rù àti ikú wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n mú?

Akínkúnmi_Ìbàdàn: Attack on Titan ni, má wulẹ̀ ronú jìnnà. Láti ìgbà tó ti jáde ní 2013, n kò tíì rí ẹni tó wo apá kìíní rẹ̀ tán tí kò béèrè apá kejì. Gbogbo àwa tí a jọ ń wo ánímè níbí, eré tó le ni a mọ̀; bí ènìyàn bá dárúkọ K-On!, eré àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin, tó ń mu tíì, wọn yóò ní eré ọmọdé ni.

Ìyá_Ìbejì_Houston: Àdùnní, ọmọ mi, kí o tó mú ohunkóhun, jọ̀wọ́ ka èyí. Ẹgbẹ́ kan ní ìlú tí a wà yìí pe àwọn òbí àti ọmọ wọn wá wo Made in Abyss. Àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn jẹ́ ti ọmọ méjì tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn rí roboto, tí ewéko tútù yí wọn ká. Kò sí òbí tó máa rí i tí kò ní rò pé eré ọmọdé ni. Apá méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi hàn wá, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ ohun tó wà níwájú. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wo ìyókù nílé. Nígbà tó dé apá kẹwàá, níbi tí oró ti wọ ọwọ́ Riko, tí ọmọ náà ń bẹ Reg ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó bá òun ṣẹ́ ọwọ́ náà, igbe ọmọ mi ni mo gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó pẹ́ kí ó tó lè dá sùn. Ṣé ọmọdé wà nínú ẹgbẹ́ yín?

Olóòtọ́_Leeds: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Puella Magi Madoka Magica ti 2011 náà rí bẹ́ẹ̀: aṣọ aláràbarà, ẹranko funfun kékeré tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, títí tí apá kẹta fi dé. N kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó.

Akínkúnmi_Ìbàdàn: Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mà, ẹ̀bi eré kọ́. Ẹni tó pe ọmọdé síbẹ̀ ló jẹ̀bi.

Ìyá_Ìbejì_Houston: N kò sọ pé eré náà burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó ń pe ènìyàn wá wo eré sọ irú eré tó jẹ́. Ta ni ìyẹn pa lára?

Baba_Fídíò: Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé síwájú ènìyàn ló máa ń mọ́ ọn lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni a fi ń wo ánímè, ilé-iṣẹ́ Manga Entertainment ló sì ń tà á fún wa. Akira, tí wọ́n ṣe ní 1988, ló léwájú. Ẹ̀jẹ̀, ìbọn àti ìlú tó ń wó ni wọ́n fi ń polówó, débi pé àwọn ará Ìlú Ọba rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eré àwòrán Japan ṣe rí, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1988 yẹn náà ni My Neighbor Totoro, eré tó ń tuni lára, jáde níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Kids' WB, ètò ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n, gbé Cardcaptor Sakura sáfẹ́fẹ́ ní 2000, wọ́n fo apá méje àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹjọ tí ọmọkùnrin inú rẹ̀ ti wọlé, nítorí wọn kò gbà pé ọmọkùnrin lè jókòó ti eré tí ọmọbìnrin jẹ́ olórí rẹ̀. Ní Japan ńkọ́? Inú Manga Time Kirara, ìwé ìròyìn ìtàn aláwòrán, ni K-On! ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di eré ní 2009, òru ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, ní àsìkò tí ọmọdé ti sùn. Akínkúnmi, ẹni tó bá ń pè é ní eré ọmọdé kò mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Olóòtọ́_Leeds: Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yín yé mi, ṣùgbọ́n oníṣòwò kò yan eré fún wa bíi ti àtijọ́ mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń wo èyí tó bá wù wá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń lọ síbi eré tó le. Lójú tèmi, èdè ló fà á. Nínú Yuru Camp ti 2018, apá kan lè parí kí ó má sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju pé wọ́n pàgọ́, wọ́n sì se nǹkan gbígbóná jẹ nínú òtútù. Inú ohùn àti bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn lóhùn ni adùn rẹ̀ wà, àwa tí à ń ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀ kì í sì í gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ẹ̀rù kò nílò ògbufọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Houston: Spy x Family ti 2022 ńkọ́? Ìtumọ̀ ni a ń kà nílé wa, Anya, ọmọbìnrin kékeré inú rẹ̀, sì ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Tísà_Ọ̀fà: Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé ohùn Japan ni ẹ máa gbọ́ ni, tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì? Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sí Cowboy Bebop dára gan-an. Ẹ tún dán okùn kọ̀ǹpútà yín wò ní alẹ́ òní.

Ìdòwú_Croydon: Ẹ fi fíìmù K-On! ti 2011 hàn wọ́n. Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ náà wá ṣeré ìparí ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ ó rí Abbey Road, ẹ ó rí Camden, gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ wọ́n. Ẹni tó fẹ́ràn eré tó le yóò jókòó nítorí pé àdúgbò rẹ̀ ni.

Àdùnní_Peckham: Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ọmọ náà. Kò sí ọmọdé nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni gbogbo wa. Wákàtí kan péré ni a ní nínú gbọ̀ngàn, nítorí náà fíìmù kò lè wọlé. Mo ti fi orúkọ Death Note ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò dárúkọ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ láti 2006, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, àwọn tó fẹ́ ìtura sì ti gbà láti wá nítorí Ryuk, òrìṣà ikú tí kò lè rí ápù kó má jẹ ẹ́. Tiwọn ni oṣù tó ń bọ̀, Yuru Camp ni mo sì ti ṣèlérí fún wọn.

Ìyá_Ìbejì_Houston: Ó dára, ọmọ mi. Ṣá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà pé eré tó dá lórí ikú ni.