Níbo la wà báyìí, àwa tí a jọ wọ fọ́ọ̀mù wáǹ ní 1972?

Akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹgbẹ́ ní kí n bá wa kó orúkọ gbogbo àwa tí a jọ wọ ilé-ìwé wa ní Ìdànrè ní oṣù kìíní ọdún 1972 jọ, ká lè mọ ibi tí kálukú wà àti bí ara ṣe rí. Ó ń dùn mí pé bí fóònù mi bá ti dún lórí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀tì wa, ìsìnkú ni. Ẹnìkan á ti kú ká tó máa bi ara wa pé, "Àbí Warri ló ń gbé látọjọ́ yìí ni?" Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tara wa nígbà tí a ṣì lè fẹnu ara wa sọ ọ́.

Èmi nìyí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹ rántí pé fọ́ọ̀mù fáìfù la wà lọ́jọ́ 3 oṣù kejì 1976 tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó jáde lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú. Oríire ńlá ni fún wa, nítorí bí a ṣe ń jáde ni iṣẹ́ ń wá èèyàn. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi sí, àga ò tíì kárí. Orí àpótí tí wọ́n fi kó fáìlì dé láti Ìbàdàn làwa akọ̀wé kékeré ń jókòó lé. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, títí mo fi gorí àga tèmi.

Ìyàwó mi wà ní Kánádà lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin, ó ń bá wọn tọ́jú ìkókó. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Iyán ò ṣeé dá gún fún ẹni tí orúnkún ń dùn, pòǹdó ni mo ń rò jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi, mo ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Òkè Ìdànrè tí a máa ń sá gùn ní Sátidé, tòun ti àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀ta, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń wò ó báyìí bí mo bá lọ sílé. A dúpẹ́ náà ni.

Ẹ sọ tiyín. Kò dìgbà tí èèyàn bá kọ́lé kó tó sọ tirẹ̀.

Tíṣà, Oǹdó

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́. Oǹdó ni mo wà láti ìgbà tí mo ti wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní 1977. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkọ fẹ́, ibẹ̀ náà ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí.

Ọdún 1980 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn á ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìjọba Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ti sọ ẹ̀kọ́ gíráámà di ọ̀fẹ́. Ilé-ìwé tuntun ń yọ ní ibi tí a ò ronú kàn. Kíláàsì mi kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó pẹ́ dé á gbé àga wọn sí abẹ́ máńgòrò, wọ́n á máa wo pátákó láti ojú fèrèsé. Bí mo bá délé lálẹ́, ohùn mi á ti há. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn ju gbogbo ọmọ tí mo kọ́ lẹ́yìn wọn lọ, nítorí mo mọ ohun tí owó ilé-ìwé fojú ẹgbẹ́ tiwa rí.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Owó àjẹmọ́nú pẹ́ kó tó wọlé, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọlé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lálaalẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mi jí.

Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ká kọ ọdún tí a ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwọn tí kò dé ibẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí a wọlé, kíláàsì méjì ni wá, A àti B. Ká tó dé fọ́ọ̀mù fáìfù, wọ́n ti pa wá pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn yòókù ò kú. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lé wa nítorí owó, torí ó ti di ọ̀fẹ́ láti oṣù kìíní 1955, nígbà Olóyè Awólọ́wọ̀. Gíráámà lowó ti dènà dè wá. Ẹ ò rántí asẹ́ńbílì àárọ̀ Mọ́ńdè? Wọ́n á ka orúkọ àwọn tó jẹ owó, wọ́n á ní kí wọ́n gbé báàgì wọn, kí wọ́n má fẹsẹ̀ kan ọgbà títí wọn ó fi mówó wá. Àwọn kan lọ, wọn ò padà mọ́, àwa sì ṣí ìwé wa sí ojú ewé tó kàn. Ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ wà lára wọn. Mo fẹ́ gbọ́ tiwọn.

Ẹni tó kúrò ní fọ́ọ̀mù tírì, Ìdànrè

Ẹ kú ilé o. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò dá sí i. Ohun tí tíṣà kọ ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Mo wà lára yín. Fọ́ọ̀mù wáǹ B. Ìgbà òjò ọdún 1974 ni mo kúrò.

Bó ṣe rí nìyí. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Ẹ sì mọ̀ pé ìparí ọdún lowó kòkó ń wọlé, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án tí a bá ti ń ká èyí tó pọ̀. Owó ilé-ìwé tó bá bọ́ sí àkókò yẹn kì í nira. Èyí tó bá bọ́ sí ìgbà òjò, tí èyí tó wà nílé ti tán, òun ni wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ nígbà náà. Bàbá mi fi oko kan dógò kó lè san owó àwa méjèèjì. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ mọ bí ìdógò ṣe rí: ẹni tó yáni lówó ni yóò máa ká kòkó oko náà títí a ó fi san owó rẹ̀ pé, gbogbo kòkó tó bá sì ká ò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú gbèsè. Oko tó yẹ kó san owó ilé-ìwé ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò pọ̀ jù, kòkó dúdú lórí igi, ó jẹrà.

Bàbá mi pè mí sẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ìyá mi, owó ẹnìkan ló wà lọ́wọ́ mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ẹni tí ẹnìkan yẹn máa jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi parí, ó ríṣẹ́ sí báńkì, ó sì tọ́jú àwọn òbí wa dáadáa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ra kòkó káàkiri abà. Ó ní, "Ṣé o mọ ìṣirò? Ó yá, máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ní fọ́ọ̀mù tú ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ náà. Ẹni tí kò mọ ìṣirò nídìí òṣùwọ̀n, wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ.

Títí di 1986, ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n ń ra kòkó. Nígbà tí wọ́n tú bọ́ọ̀dù kòkó ká lọ́dún yẹn, ọjà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn oníṣòwò ń wọ́ wá láti ibi gbogbo, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ kòkó rere yàtọ̀ sí búburú. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ti ọwọ́ bọ àpò dé ìgbọ̀nwọ́, torí èyí tó gbẹ ni wọ́n ń kó sókè, ìdí àpò ni tútù máa ń wà. Èyí tó gbẹ á máa dún ṣákáṣáká. Màá wá mú ọ̀bẹ, màá la ẹyọ kan sí méjì. Tí inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ àlùkò, wọn ò jẹ́ kó pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó yẹ kó lo bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà níbẹ̀ kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Wọn ò lè bá mi jiyàn, torí wọ́n ń wo inú kòkó náà bí èmi náà ṣe ń wò ó.

Òwò náà gbè mí. Mo san gbèsè bàbá mi, mo gba oko náà kúrò ní ìdógò lójú ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń lọ láti ìdí kòkó kan sí èkejì, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n, ó ń fa àfòmọ́ ya kúrò lára wọn.

Ní 2024, tí ìkórè ò dáa ní Gánà àti Ivory Coast, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, a rí nǹkan. Àwọn àgbẹ̀ ń sùn sóko nítorí olè. Àwọn míì ń ká èyí tí kò tíì pọ́n kí olè má bàa ṣáájú wọn. Ó ti wálẹ̀ padà, àwọn tó yáwó ra kòkó pamọ́ nígbà tó wọ́n ń káwọ́ lérí. Èmi ò yáwó. Mo ti rí ohun tí gbèsè lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn.

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Gbogbo wọn ló ka ìwé dé ibi tó wù wọ́n, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ni. N kò jẹ́ kí wọ́n lé ọ̀kankan wọn wálé rí nítorí owó.

Bí ẹ bá ń ṣe àpéjọ, iwájú ìsọ̀ mi ni ọkọ̀ yín ń gbà kọjá, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn yín. Mo mọ púpọ̀ nínú yín lójú. Ẹnìkan nínú yín dúró lọ́dún kan, ó ra omi, ó ní, "Màmá, ẹ ṣé gan-an." Mi ò sọ fún un pé a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà ni.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Èkó

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Mo ń sọ, ó ń kọ.

Oníkòkó, ṣé ìwọ nìyẹn? Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn rẹ ní fọ́ọ̀mù tú B. Láti èjìká rẹ ni mo ti ń yọjú wo áljẹ́bírà. Nígbà tí o kúrò, wọ́n ní wọ́n ti fi ọ́ fọ́kọ ni, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Òní ni mo tó gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Tèmi ni pé ojú ń dà mí láàmú. Glaucoma ni wọ́n ń pè é. Kò dùn mí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ: màá máa wo iwájú kedere, èjìká mi á sì gbá férémù ilẹ̀kùn. Ojú òsì ti lọ kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, oògùn tí wọ́n ń kán sí i, kí ìyókù má bàa lọ ni. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, torí náà mo ti ní kí gbogbo ọmọ mi lọ yẹ ojú wọn wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ lọ, kódà bí ẹ bá ń ka ìwé láìlo awò. Mo bẹ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì, Manchester

Mo ti fẹ̀yìn tì níbí. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ oníkòkó kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Mò ń bọ̀ nílé lóṣù kejìlá. Bí ẹ bá ti ń dá aṣọ àpéjọ, ẹ dá tirẹ̀ mọ́ ọn, màá san án.

Ẹni tó kúrò ní fọ́ọ̀mù tírì, Ìdànrè

Nọ́ọ̀sì wa, o ṣeun, Ọlọ́run á bá ọ tọ́jú àwọn ọmọ. Màá san tèmi. Ilé mi ni kí o dé sí, iyán wà.

Akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì, Àkúrẹ́

Mo ti tún fọ́ọ̀mù ṣe. Ibi tí a ti ń béèrè ọdún tí èèyàn jáde, ọdún tó wọlé la ń béèrè níbẹ̀ báyìí. Oníkòkó, orúkọ rẹ ti wọlé. Ẹni tó bá mọ ibi tí àwọn yòókù wà, kó fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má gbé e síta.

Tíṣà, Oǹdó

Mo ti rí àwọn kan pè. Ọ̀kan ń ránṣọ ní Ìgbàrà-Òkè. Ọ̀kan ti fi ọkọ̀ akẹ́rù wíwà sílẹ̀, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ́kọ́ dákẹ́ lórí fóònù. Ó wá ní kí n bi yín bóyá òun máa san owó ẹgbẹ́ gbogbo ọdún tí òun ò fi wá.

Akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì, Àkúrẹ́

Rárá o. Tọdún yìí nìkan ni kó san.