PySide6 ò fẹ́ ṣí wíńdò lórí Ubuntu

ỌmọAjílété: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Tákíé l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mo fi pip, irinṣẹ́ tí Python fi ń gbé àkójọ kóòdù wọlé, gbé PySide6 tí wọ́n fi ń kọ ètò oníwíńdò wọlé, import rẹ̀ ò ní wàhálà, àmọ́ tí n bá ti ní kó ṣí wíńdò báyìí ló máa kọ "could not load the Qt platform plugin xcb", á sì kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ ọ́ tí mo tún un gbé wọlé.

AráAkẹ̀sán: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má yọ ọ́ mọ́, dátà yín lẹ kàn ń fi ṣòfò. Qt ni PySide6 dúró lé, xcb sì ni apá rẹ̀ tó ń ṣí wíńdò lórí Linux. Láti Qt 6.5 ló ti ń bèèrè libxcb-cursor0, àkójọ kan tó jẹ́ ti Ubuntu fúnra rẹ̀, pip ò sì lè bá yín gbé ìyẹn wá. Ẹ tẹ sudo apt install libxcb-cursor0 sínú tẹ́mínà.

ỌmọỌ̀yọ́: Tí ò bá gbọ́, ẹ kọ QT_DEBUG_PLUGINS=1 ṣíwájú python, á dárúkọ fáìlì tó ń wá gan-an.

ỌmọAjílété: Ó ti ṣí o! Bọ́tìnnì mi ti jáde. Ẹ ṣé gan-an ni.