Mo ti lo LEFT JOIN, síbẹ̀ àwọn oníbàárà aláìlórúkọ tún pòórá

ỌmọGbági: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mò ń bá àǹtí mi ṣe ìṣirò ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Gbági tuntun. Tábìlì méjì ni mo ní nínú SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkójọ dátà: `oja` (ohun tí a tà) àti `onibara`. Ẹni tó bá kàn yà wọlé, tó ra áńkárá yáàdì mẹ́fà, tó sì bá tiẹ̀ lọ, ta ni yóò bi í ní orúkọ? `onibara_id` rẹ̀ (nọ́ńbà oníbàárà) á jẹ́ NULL, a ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìwé tí àǹtí mi ń fi bírò kọ ní 412 la tà lóṣù tó kọjá. JOIN tèmi, tó ń so tábìlì méjèèjì pọ̀, tó sì ń mú kìkì ọjà tó ní oníbàárà wá, ní 287. Ojú tó fi wò mí, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Mo lo LEFT JOIN, tó ń mú gbogbo ọjà wá, kódà èyí tí ò ní oníbàárà, 412 pé. Àwọn ará Bódìjà ti gba ẹ̀dínwó tiwọn, mo bá ní kí n fi WHERE, tó ń ṣa ìlà, yọ wọ́n (`b` ni `onibara`, àmì àárín ni “kì í ṣe”): `WHERE b.adugbo <> 'Bodija'`. Ló bá di 223! Ṣé ará Bódìjà làwọn aláìlórúkọ náà ni?

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé: Gbé e kúrò ní WHERE, fi sínú ON, ibi tí JOIN ti ń sọ bí tábìlì méjèèjì ṣe bára mu.

BàbáMọ́kọ́lá: Ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn o. Tó bá wọ inú ON, 412 ló máa padà jẹ́. Ọjà àwọn ará Bódìjà á ṣì wà níbẹ̀, àdúgbò wọn ló kàn máa di NULL.

NULL kì í ṣe òfo, ọmọ mi, "mi ò mọ̀" ni. O bi SQL pé, "Ṣé ẹni yìí kì í ṣe ará Bódìjà?" Ó ní òun ò mọ̀. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá sì jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" gan-an ni WHERE ń jẹ́ kó kọjá. Kọ ọ́ báyìí:

`WHERE b.adugbo <> 'Bodija' OR b.adugbo IS NULL`

Tó bá jẹ́ PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń lo SQL, lo ń lò, `IS DISTINCT FROM 'Bodija'` á ṣe é. NOT IN (“kò sí nínú àkójọ yìí”) náà burú bẹ́ẹ̀: NULL kan ṣoṣo nínú àkójọ tó ń wò, kò ní mú ìlà kankan wá. Ó ti fi mí ṣòfò odindi alẹ́ kan rí, iná ò tún sí.

ỌmọGbági: 348! Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 125 tí ò lórúkọ, mẹ́sàn-án ní `onibara_id`, nọ́ńbà náà ni ò sí nínú `onibara` mọ́.

BàbáMọ́kọ́lá: Ẹnì kan ti pa oníbàárà rẹ́ nìyẹn. Foreign key, òfin tó ń so `onibara_id` mọ́ tábìlì `onibara`, ì bá ti dí i lọ́wọ́.

ỌmọGbági: Èmi ni, sà. Mo rò pé orúkọ kan náà ni mo kọ lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí mi ò tíì gbọ́ o.