Ta ló máa san owó sípíkà tó jóná níbi iṣẹ́ àjọṣe?

Sáùǹdì_Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun nídìí òde bíi tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti Sátidé, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iṣẹ́ sáùǹdì ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí, ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Mi ò ní ọ̀gá, mi ò sì ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá pè mí ni mò ń bá lọ. Tèmi ni míkísà àti máìkì, sípíkà ni mo máa ń yá.

Plánà kan, ẹni tó ń bá èèyàn ṣètò òde, pe àwa márùn-ún sí ìgbéyàwó kan nílùú Òǹdó: èmi, oníná, oníkámẹ́rà, MC àti àwọn onílù. A ò mọra wa rí. Òun nìkan ló mọ iye tó bá kálukú sọ, òun nìkan ló mọ aago tó fún kálukú. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí a fi kọjá Ọ̀wẹnà. Aago méje kò tíì lù tí mo ti to ẹ̀rọ mi. Mo dán gbogbo rẹ̀ wò, ó ń dún kedere. Aago mọ́kànlá ni oníná dé, torí aago tí wọ́n fún un nìyẹn. Àwọn àlejò ti ń jókòó. Ó ṣí àpótí iná jẹnẹrétọ̀ láti fa wáyà tiẹ̀. Kò pẹ́ ni sípíkà méjì dún "pàù!", tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, ló ti yọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ jẹnẹrétọ̀ oní-fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: níbi tó yẹ kí ẹ ti rí volt 230, ohun tó sún mọ́ 400 lè máa bọ̀. Sitabiláísà tó ń mú iná dúró déédéé ló gba míkísà mi là. Olórí àwọn onílù ló yá mi ní sípíkà tiẹ̀ tí ìyàwó fi rí orin jó wọlé. Mi ò ní gbàgbé oore yẹn láéláé.

Ní báyìí, ẹni tó yá mi ní sípíkà ń béèrè 380,000 náírà. Plánà ní kí kálukú gbé ẹrù tirẹ̀. Oníná ní nọ́ọ̀tì neutral ti dẹ̀ kí òun tó fọwọ́ kàn án. Omijé wà lójú ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, mi ò lè pè é ní òpùrọ́. Ta ló yẹ kó san? Báwo ni mo sì ṣe máa béèrè ọ̀rọ̀ iná níbi iṣẹ́ tó ń bọ̀, tí wọn ò ní sọ pé obìnrin yìí ti le jù?

Iná_Òǹdó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Iṣẹ́ iná lèmi náà ń ṣe. Nọ́ọ̀tì yẹn lè ti dẹ̀ lóòótọ́, gbígbọ̀n tí jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n máa ń tú u. Àmọ́ kò sẹ́ni tó yẹ kó ṣí àpótí yẹn láì kọ́kọ́ pariwo pé "ẹ pa ẹ̀rọ yín!" Tí mo bá fa wáyà tán, mítà ni mo fi ń wọn fẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú neutral kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan. Ibẹ̀ ló ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá wà?

Sáùǹdì_Àkúrẹ́:
Ó ti lọ ra dísẹ̀lì. Plánà ló háyà rẹ̀.

Àgbà_Ayánilẹ́rọ:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi ń yá èèyàn lẹ́rọ, n ò ní tàn ọ́: ọwọ́ ẹni tó wá gbé e ni mo ti ń béèrè rẹ̀. N ò mọ oníná, n ò mọ plánà. Àmọ́ 380,000 yẹn, ṣé owó àtúnṣe ni àbí owó tuntun? Má tíì san kọ́bọ̀. Bí iná bá pọ̀ jù báyìí, bọ́ọ̀dù tó ń gba iná wọlé ló sábà máa ń jó. Sípíkà inú rẹ̀ gan-an lè má ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe, kó tú u lójú ìwọ àti ẹni tó ni ín, kí oníná náà sì wà níbẹ̀.

MC_Àkúrẹ́:
Gbogbo ohun tí plánà bá yín sọ lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́. Abala 84 nínú Evidence Act (òfin ẹ̀rí) ti 2011 fàyè gba irú rẹ̀ nílé ẹjọ́, bí ẹ bá tẹ̀lé ìlànà tó là sílẹ̀. Èmi kì í gba òde mọ́ àfi kí gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú gúrúpù kan ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Níbẹ̀ ni mo ti ń bi wọ́n: ta ló ń bójú tó iná, aago mélòó ni kálukú máa dé? Àǹtí, ẹ béèrè. Àwọn tó máa ní ẹ le jù, wọn ò bá yín san owó sípíkà.

Sáùǹdì_Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Àná la tú wọn lọ́dọ̀ atúnṣe kan nítòsí Ọjà Ọba. Bí bàbá ṣe sọ ọ́ ló rí: bọ́ọ̀dù iná ló jó nínú méjèèjì, 95,000 ni àtúnṣe rẹ̀. Oníná wá fúnra rẹ̀ láti Òǹdó, ó kó 40,000 sílẹ̀, ó ní kí n má bínú. Èmi ni mo fi èyí tó kù kún un. Plánà kò gbé ìpè mi.

Mo ní òde kan ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti béèrè nínú gúrúpù pé ta ló ń bójú tó iná. Láti àárọ̀, àwọn mẹ́fà ti kà á, kò tíì sẹ́ni tó dáhùn. Mi ò ní gbé ẹ̀rọ jáde nílé títí ẹnì kan yóò fi dáhùn.