Ṣé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe ajá yìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sin ajá tipẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni ajá wọn ò ti jẹun dáadáa mọ́. Á gbé imú lé bàtà wọn. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á na etí, á tún fi orí lélẹ̀. Dókítà ẹranko ò rí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Àwọn ará ilé ní ẹranko ò mọ ọ̀fọ̀. Mi ò gbà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan rí i pé bí ajá àti ẹni tó ni ín bá ń wo ojú ara wọn, oxytocin, èròjà ara tó ń mú kí ìyá fà mọ́ ọmọ, máa ń pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì.

Ṣé kí n kó bàtà yẹn kúrò, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún un?